Tọ́bò Tí Ó Ń Kú Lọ: Ṣé Àtúnṣe Ni Tàbí Ìpààrọ̀?

Irin kékeré tí ẹ ń wò lórí tábìlì níwájú mi yìí, tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ni a ó fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ lálẹ́ òní. Kò tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n owó tí ẹ̀gbọ́n mi kan ná lé e lórí láàárín oṣù márùn-ún tó owó ilé-ìwé ọmọ fún ọdún kan gbáko. Tọ́bò ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Inú ọkọ̀ tí ń lo epo dísù ni a ti yọ ọ́, ó sì ti kú.

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Nígbà tí ó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó mú nínú rẹ̀, ó fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ olódísù kan, ó sì ń fi í kó ẹyin adìẹ láti oko rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà kò fi lè gun òkè mọ́. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín aláwọ̀ aró. Mẹkáníìkì ní tọ́bò ti kú, wọ́n sì ra òmíràn. Òmíràn náà kú kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, tí ó bi mí ní ìbéèrè tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi ara yín rí: “Àbúrò, ṣé kí n tún èyí ṣe ni, tàbí kí n tún ra òmíràn?”

Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, kí ni ó pa èyí tí ó kú? Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó pa tọ́bò rẹ̀, ì báà tún un ṣe, ì báà sì pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì olódísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni pístọ̀nù máa ń tẹ̀ pọ̀ gidigidi, títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná débi pé bí a bá ti fọ́n dísù sí i, dísù yóò gbiná fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó nínú ẹ́ńjìnnì ni dísù tí ó lè jó níbẹ̀ tán yóò ti pọ̀ tó, bí èyí bá sì ti pọ̀ tó ni agbára ọkọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ọdún 1897 ni ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1905, Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé-àṣẹ lórí ọgbọ́n kan tí ó mú afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i. Ó wòye pé èéfín tí a ń dà nù láti inú ẹ́ńjìnnì ṣì lágbára, pé a sì lè fi agbára náà fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì kan náà. Ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní ọgbọ́n yìí. Mercedes-Benz gbé e wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olódísù tí wọ́n ń pè ní 300SD, tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978. Peugeot tẹ̀ lé e pẹ̀lú 604 ní ọdún 1979. Lónìí, agbára káká ni a fi lè rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olódísù tuntun tí kò ní tọ́bò.

Ẹ jẹ́ kí n yí i sí yín dáadáa. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí i pé ìkarahun méjì ni a so pọ̀, tí wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn. Èyí tí ó wúwo, tí ó ti dípẹtà yìí, òun ni èéfín gbígbóná ń gbà kọjá lọ sí sàláńsà. Èyí tí ó funfun tí ó sì fúyẹ́ yìí, òun ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Ọ̀pá kan ṣoṣo, tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ni ó so méjèèjì pọ̀ láàárín, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sì wà ní orí rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Èéfín ń ti abẹ̀bẹ̀ kan, èkejì ń fa afẹ́fẹ́. Nínú tọ́bò ọkọ̀ kékeré, ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 200,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò yí ju nǹkan bí 4,000 lọ. Ooru èéfín tí ń gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lè ju 700 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Irin wo ni ó lè fara da irú eré bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń gbo ara mọ́ irin ẹgbẹ́ rẹ̀? Kò sí. Nítorí náà, ọ̀pá yìí kì í fara kan ibi tí ó jókòó sí. Orí ọ́ìlì tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ni ó ti ń léfòó. Ọ́ìlì kan náà ni ó ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Bí ọ́ìlì yìí bá dá, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìjẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó pọ̀ jù nínú ikú tọ́bò, ikú ọ́ìlì ni.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí kò lágbára mọ́ ni tọ́bò rẹ̀ ti kú. Mo ti rí i tí wọ́n yọ tọ́bò tí ara rẹ̀ le dànù, nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà afẹ́fẹ́ ni ó ya. Bí rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnnì bá ya, afẹ́fẹ́ yóò máa dà síta, ọkọ̀ yóò di ọ̀lẹ, èéfín dúdú yóò máa jáde, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró kan tí ń dún ṣìì bí ejò bí ẹ bá fún ọkọ̀ níná. Ọ̀rọ̀ rọ́bà ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tọ́bò. Fíltà afẹ́fẹ́ tí eruku ti dí a máa fa irú àìsàn yìí bákan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tọ́bò ayé òde òní ní àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣí tí ń padé yí abẹ̀bẹ̀ èéfín ká, kí ọkọ̀ lè lágbára bí ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ tíì máa sáré. Ọkọ̀ tí kì í kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgboro, èéfín rẹ̀ a máa di ẹ̀gbin dúdú mọ́ àwọn ewé yìí lára, wọn kò ní lè yí mọ́. Ọkọ̀ náà yóò wá máa ṣe ségesège: yóò lágbára lónìí, yóò sì rọ lọ́la. Ìwẹ̀nùmọ́ lásán ti tó fún irú rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọwọ́ irin tí ń darí àwọn ewé náà, àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fa ọwọ́ náà, lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe tọ́bò.

Èéfín aláwọ̀ aró yàtọ̀. Ọ́ìlì ni ó ń jó. Ó lè jẹ́ pé inú tọ́bò ni ọ́ìlì náà ti ń jò wọlé. Ó lè jẹ́ pé páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà láti ara tọ́bò ni ó dí, tí ọ́ìlì kò rí ọ̀nà lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ti gbó. Díẹ̀ nínú ọ́ìlì tí ẹ bá bá nínú rọ́bà afẹ́fẹ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dájọ́ ikú fún tọ́bò, nítorí ẹ́ńjìnnì a máa mí èéfín ọlọ́ìlì jáde sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tọ́bò bá ń ké bí fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá, tí igbe náà sì ń le sí i bí ẹ ti ń fún ọkọ̀ níná, ẹ dúró. Abẹ̀bẹ̀ ti fẹ́ máa gbo ògiri nìyẹn.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí a sì pa á. Kí mẹkáníìkì tú rọ́bà tí ó wà lẹ́nu tọ́bò, kí ó fi ìka méjì di imú ọ̀pá náà mú. Bí ó bá mì ín sí ọ̀tún àti òsì, ó lè mì díẹ̀, nítorí kò sí ọ́ìlì tí ó gbé e ró nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Èyí kò burú, bí abẹ̀bẹ̀ kò bá ti kan ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá fà á síta tí ó tì í wọlé, kò yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ kankan lára. Bí ó bá ń jáde tí ó ń wọlé, ó ti parí. Kí ó tún fi iná wo etí abẹ̀bẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti yún, ọ̀pá ni ó jẹ tí abẹ̀bẹ̀ fi ń gbo ògiri. Bí ó bá sín bí eyín arúgbó, nǹkan kan ni ó wọlé láti ọ̀nà fíltà, bí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí nọ́ọ̀tì tí ẹnì kan gbàgbé. Bí a bá rí i pé apá kan abẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, a gbọ́dọ̀ wá ibi tí ó wọ̀ kí a tó gbé tọ́bò mìíràn sí i. Irin tí ó bá wà nínú páìpù afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan.

Ewu kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi ohùn líle sọ, nítorí àwọn kan ń rò pé owó nìkan ni tọ́bò tí ń kú lọ lè gbà lọ́wọ́ wọn. Bí ohun tí ó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú tọ́bò bá já, ọ́ìlì yóò máa dà wọ inú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì olódísù kò sì bìkítà bóyá dísù ni tàbí ọ́ìlì. Ohun tí ó bá ti lè jó ni yóò jó. Ẹ́ńjìnnì yóò máa mu ọ́ìlì ara rẹ̀, eré rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, èéfín yóò bo gbogbo àdúgbò. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, kò ní í kú, nítorí kì í ṣe dísù ni ó ń mu mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an, kí ó fi ọkọ̀ sí jíà tí ó ga jù lọ, kí ó sì fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ́ńjìnnì lè kú tipátipá. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sì jìnnà sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wí pé “ẹ ṣì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀” fún ọkọ̀ tí ń tu èéfín aláwọ̀ aró.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tí ó ń pa tọ́bò. Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀, àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù náà sì ti fara gbá nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Peugeot àti Citroën pa pọ̀ mọ́ Ford, wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì dísù kékeré kan tí ó jẹ́ lítà 1.6, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ó wọ inú Peugeot 307, Citroën C4, Ford Focus, àti Mazda 3 pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì náà kì í mu epo púpọ̀, ó sì dùn ún wà, ṣùgbọ́n tọ́bò rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Wọ́ṣà bàbà kékeré kan wà lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan tí ń fọ́n dísù. Bí wọ́ṣà yìí bá ń jò, èéfín iná inú ẹ́ńjìnnì yóò máa yọ́ jáde, yóò máa ba ọ́ìlì jẹ́. Ọ́ìlì yóò ki, yóò di ẹrẹ̀ dúdú. Nínú bóòtù tí ó de páìpù ọ́ìlì tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi asẹ́ wínníwínní kan sí i láti dáàbò bo tọ́bò. Ẹrẹ̀ náà yóò dí asẹ́ yìí, tọ́bò yóò máa ké fún ọ́ìlì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kò sì ní í rí mu. Asẹ́ tí wọ́n fi ṣọ́ ọ wá di ohun tí ó ń pa á.

Ẹni tí ó bá ra tọ́bò tuntun tí ó dára jù lọ láyé, tí ó gbé e sí ẹ́ńjìnnì yìí láìwẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà ni pé kí a pààrọ̀ wọ́ṣà abẹ́ nọ́sù, kí a tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì ń dúró sí kí a fọ̀ ọ́, kí a fọ asẹ́ tí ń fa ọ́ìlì, kí a fi páìpù ọ́ìlì tuntun sí i ní lílọ àti bíbọ̀, kí a lo ọ́ìlì àti fíltà tuntun, kí a sì rọ ọ́ìlì sínú tọ́bò kí a tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń ta tọ́bò a máa béèrè ẹ̀rí pé a ti pààrọ̀ àwọn páìpù wọ̀nyí kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀bi wọn ni bí tọ́bò bá tún kú. N kò bá wọn wí. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá gbà pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn nǹkan bí 20,000 kìlómítà. Èmi kò ní í jẹ́ kí ó tó ìdajì rẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín tí eruku pọ̀ tí ooru sì mú.

Àwa awakọ̀ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ẹni tí ó sá eré àsápajúdé láti Ṣágámù dé Ìbàdàn, tí yóò dúró gìrì, tí yóò sì yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀pá tọ́bò ṣì ń yí, ara rẹ̀ ṣì gbóná bí irin inú ààrò alágbẹ̀dẹ, ọ́ìlì sì ti dá. Ìwọ̀nba tí ó kù níbẹ̀ yóò jóná di èédú mọ́ ọn lára. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tí a bá fi jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́ kí a tó pa á kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tí a bá ti mọ ohun tí ó pa á, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe àti ìpààrọ̀ tó kàn. Àárín tọ́bò, níbi tí ọ̀pá, abẹ̀bẹ̀ méjèèjì àti ibùjókòó wọn wà, ṣeé yọ lódindi kí a fi tuntun sí i. Àwọn tí ń tà á ń pè é ní káátíríìjì. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọkàn tọ́bò. Bí ìkarahun méjèèjì bá dá ṣáká, tí wọn kò sán, tí abẹ̀bẹ̀ kò ha wọ́n nínú, tí àwọn ewé irin sì ń yí geere, ọkàn tuntun ni kí a fi sí i. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti odindi tọ́bò, kò sì ní àbùkù. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà níbẹ̀. Ọkàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti fi ẹ̀rọ wọn ìdọ́gba rẹ̀. Ohun tí ó ń yí ní ìgbà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí apá kan rẹ̀ bá fi ìwọ̀n ìyẹ́ ẹyẹ wúwo ju èkejì lọ, yóò gbọ̀n ara rẹ̀ pa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun yóò gbẹ́ ibùjókòó ọ̀pá tuntun fún yín lórí ẹ̀rọ ìgbẹ́rin ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí òun yóò sì tò ó padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ó lè mọ iṣẹ́ irin dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn ìdọ́gba.

Bí ìkarahun èéfín bá sán, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ti fọ́ tí ó sì ha ògiri, tàbí tí iná ti jẹ àwọn ewé irin, odindi ni kí a pààrọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ti wọlé. Mo mọ Ládípọ̀ ní Muṣin, mo sì mọ Àrárọ̀mí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn. N kò ní í purọ́ pé n kò rajà níbẹ̀ rí. Tọ́bò tòkunbọ̀ tí ó bá dára sàn ju ayédèrú tuntun tí ń dán nínú páálí lọ. Ṣùgbọ́n a kò mọ ìdí tí wọ́n fi tú ọkọ̀ tí ó ti wá. Bí jàǹbá ni ó ṣe é, ó dára fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó kú nítorí àìsí ọ́ìlì, tọ́bò náà ti jẹ nínú ìyà yẹn. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ìka méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan níwájú ẹni tí ń tà á, ẹ yẹ ẹnu páìpù ọ́ìlì wò bóyá èédú wà níbẹ̀, ẹ sì fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ wé ti àtijọ́. Èyí tí ó jọra kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó náà, ẹ jẹ́ kí a wọn agbára ìtẹ̀mọ́ pístọ̀nù rẹ̀ kí a tó na owó lé tọ́bò. Mo mọ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé títà á fún àwọn tí ń tú ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó mọ́gbọ́n wá jù.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù olódísù ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá náà kò wo tọ́bò rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó tú páìpù ọ́ìlì, ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run, ó sì fi ojú kan wo inú rẹ̀. Kò rí ìmọ́lẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi kí òun náà wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ibi tí tọ́bò àkọ́kọ́ wà, èyí tí ó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun. Inú àpò kan ní ẹ̀yìn ilé adìẹ ni wọ́n ti rí i. Ìkarahun rẹ̀ dá ṣáká, àwọn ewé rẹ̀ sì ń yí. Ọkàn rẹ̀ nìkan ni ó jẹ. Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ra páìpù tuntun, wọ́n fi ọkàn tuntun sínú ìkarahun àtijọ́, owó gbogbo rẹ̀ kò sì tó iye tí wọ́n fi ra tọ́bò kejì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí ọkọ̀ náà ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ẹyin rẹ̀. Tọ́bò kejì náà, tí wọ́n rà ní tuntun, tí ó kú kí oṣù mẹ́ta tó pé, òun ni mo gbé wá síwájú yín lálẹ́ òní.